Avis Lára Ògiri Gbogbo Ilé

New York,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 1928.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìfaradà omi. Mo mọ̀ pé kí lẹ́tà yìí tó dé Erékùṣù Harrow, ẹ ó ti máa tún àwọn ìgèrè edé ńlá yín ṣe, ẹ ó sì máa bú ìjì. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àǹtí Hester ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé súwẹ́tà tí wọ́n hun ti dé. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní mo jọ apẹja. Mo ní apẹja gan-an ló bí mi.

Bàbá, ìròyìn ayọ̀ wà. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, bàtà ni mo ń yà. Bàtà obìnrin, bàtà ọkùnrin, ìkòkò, agboòrùn, ohunkóhun tí ilé ìtajà bá fẹ́ tà ni mo ń yà sínú ìwé ìpolówó wọn. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa pè mí ní Lyman Alábàtà. Orúkọ yẹn ti kú. Ọ̀gá Voss, olóòtú ìwé ìròyìn Fairweather, ra àwòrán kan lọ́wọ́ mi, èèpo iwájú ló sì fẹ́ fi í ṣe. Èèpo iwájú, Bàbá! Ibi tí gbogbo Amẹ́ríkà yóò ti rí i kí wọ́n tó ṣí ìwé rárá. Ó ní bí àwọn èèyàn bá fẹ́ràn rẹ̀, òun yóò máa gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi lóṣooṣù.

Iṣẹ́ náà pani lẹ́rìn-ín. Oṣù Kẹfà ni ìwé ọ̀hún máa jáde, nítorí náà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ní láti yà nígbà tí yìnyín bo fèrèsé mi. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó níwájú mi kí n lè máa wò ó yà, Dolores Kehoe lorúkọ rẹ̀. Aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sì ń sọ fún mi pé, "Lyman, bí òtútù bá pa mí síbí, ìwọ lo máa lọ sọ fún màmá mi o." Mo ya ọmọbìnrin kan tó dúró lórí èbúté, tí afẹ́fẹ́ ń gbé ìborùn rẹ̀. Ẹ ó rí i ní ṣọ́ọ̀bù Merle Dyer tó bá yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ bá ṣe rí i sí.

Ọmọ yín,
Lyman.


Erékùṣù Harrow,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, 1928.

Lyman,

O ṣeun fún tábà tí o fi ránṣẹ́. Eékún ń dùn mí, omi ṣì tutù, edé ò pọ̀. Ìkíni mi nìyẹn, mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú mi ò dùn sí ọ.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Merle lọ ra okùn. Hester ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Mo kàn rí i tó di káńtà mú, tó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àgbá ìyẹ̀fun. Mo gbójú sókè. Avis ló ń wò mí láti orí pẹpẹ. Avis, àbúrò rẹ, tó wa ọkọ̀ lọ sí òdìkejì omi lọ jó, tí ọkọ̀ padà wá ní dídojúdé láìsí òun. Merle ní, "Amos, àbí kì í ṣe..." Mo ní kó panu mọ́.

O mọ ìlú yìí. Bí wọ́n bá ka ìwé ìròyìn tán, èèpo rẹ̀ kì í ṣòfò, wọ́n á po ìyẹ̀fun mọ́ omi, wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Ní báyìí, kò sí ilé ìdáná tí mo lè wọ̀ tí àbúrò rẹ ò sí lára ògiri. Mo lọ jẹun nílé Orrin Stanley, ó wà lókè sítóòfù. Mo lọ sí ṣáláńgá wọn, Lyman, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó wà nínú ṣáláńgá. Wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo fa ṣòkòtò mi sókè, mo jáde, mo sì gba ilé lọ. Orrin ò tíì mọ ìdí tí mi ò fi dágbére dòní.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. A ò rí òkú rẹ̀ sin. A ò gbé òkúta kankan dúró fún un, nítorí kí la fẹ́ kó sábẹ́ rẹ̀? Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Èmi, ọmọ mi nù, mo sì ń gbìyànjú láti máa jí lójoojúmọ́. Ta ló fún ọ láṣẹ láti gbé e jáde? Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Amos Thurlow.


New York,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje, 1928.

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Mo ka lẹ́tà yín nínú rélùwéè, mi ò sọ̀ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, Dolores ni mo ń wò. Imú Dolores ṣe pẹlẹbẹ, irun rẹ̀ pupa, àgbọ̀n rẹ̀ ti ará Bronx, àdúgbò kan níbí, ni. Imú yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí n ó fi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, Dolores ti dìde lọ nínú àwòrán, Avis ló jókòó sípò rẹ̀. Dolores fúnra rẹ̀ ń bú mi. Ó ní, "Ta lèyí tí mo ń jẹ òtútù nítorí ẹ̀?" Mo tún un yà lẹ́ẹ̀mejì. Ibì kan náà ló ń já sí.

Ojú yẹn sì ni Ọ̀gá Voss rà. Lẹ́tà àwọn tó ń ka ìwé náà ti kún tábìlì rẹ̀, ojú yẹn ni wọ́n ń fẹ́, mo sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. N ò lè yọ ọ́ mọ́, Bàbá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. A ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ọdún tí ayafọ́tò wá sí erékùṣù, inú ilé ni ìgbóná eéyi dè é mọ́. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn sì ti padà, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ẹ dìde, ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo wá síbí láìtíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún lóhùn rara nílé wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọwọ́ mi ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ẹ dáhùn lẹ́tà yìí, kódà kó jẹ́ èébú.

Lyman.


Erékùṣù Harrow,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, 1928.

Lyman,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Má sọ pé mi ò fẹ́ dáhùn. Mo ń rò ó ni, mo sì jẹ́ ẹni tí ìrònú rẹ̀ kì í yá.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Avis ń wá sí ṣọ́ọ̀bù Merle lóṣù. Merle ti mọ̀ báyìí, ó máa ń fi tèmi sábẹ́ káńtà, kò sì ń bi mí léèrè. Èyí tó ń ka ìwé lábẹ́ igi dára. Èyí tó di apẹ̀rẹ̀ èso ápù mú, o ṣe apá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é gan-an, kò jẹ́ fi ìgbáròkó gbé nǹkan bí àwọn ọmọbìnrin yòókù. Hester sunkún lé e lórí, ó ní kí n má sọ fún ọ, mo ti sọ.

Ṣùgbọ́n ti oṣù yìí, o gbé e sórí omi dídì, ó ń yọ̀ ọ́ káàkiri, kò sì ní ìbọ̀wọ́. Irú ìwà wo nìyẹn? Nínú oṣù Kejìlá! Ọwọ́ rẹ̀ a máa sán láti kékeré, o mọ̀. Bí o bá tún máa gbé e sínú òtútù, wọ nǹkan sí i lọ́wọ́.

Nǹkan kan tún wà. O fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ọrùn rẹ̀ ti kún díẹ̀, o sì gé irun rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó lọ. Báwo lo ṣe mọ bó ṣe máa rí tó bá súnmọ́ ọgbọ̀n? Mo kàn ń bèèrè ni.

Bàbá rẹ.


New York,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kìíní, 1929.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o. N ó wọ ìbọ̀wọ́ sí i lọ́wọ́, mo ṣèlérí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ó ń lọ jù. Mo ti kúrò ní yàrá tó ń jò, mo ní yàrá iṣẹ́ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí bọ̀ mí lọ́wọ́ nílé oúnjẹ, ó ní ìyàwó òun ti lẹ èèpo Fairweather mọ́ gbogbo yàrá ọmọ wọn. Ọkùnrin kan ní Ohio kọ̀wé sí Ọ̀gá Voss pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin yẹn. Wọ́n fi lẹ́tà náà hàn mí, gbogbo ọ́fíìsì ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in.

Ẹ bi mí nípa ìlà ojú. Ọ̀gá Voss ló ní àwọn ìyá ilé ni wọ́n ń ra ìwé náà jù, wọ́n sì ń fẹ́ kó máa dàgbà pẹ̀lú wọn. Ó ní kí n fi ọdún díẹ̀ kún un. Mo fi kún un.

Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ èyí fún. Tí ìwé tuntun bá jáde, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ni Avis máa ń wà, ogún lórí ìlà kan, gbogbo wọn ń wo ọ̀nà ibi tí mo bá gbà. Nínú rélùwéè, àwọn èèyàn a gbé ìwé sókè kà, ojú Avis a wá wà lọ́rùn gbogbo wọn. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mo gbìyànjú láti ya bàbá arúgbó kan fún ìwé mìíràn, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ojú Avis sì ni mo rí lábẹ́ irùngbọ̀n náà.

Ọmọ yín,
Lyman.


Erékùṣù Harrow,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, 1929.

Ọmọ mi Lyman,

Ṣé ara rẹ le? Mo ka lẹ́tà rẹ fún Hester, a sì kà á títí bébà fi rọ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, má dá mi lóhùn títí n ó fi sọ ọ́ tán.

Láti kékeré rẹ, ìwọ kì í ya ohun tí kò sí níwájú rẹ. O máa ń jókòó ti adìyẹ, bí adìyẹ bá rìn, wàá bú sẹ́kún. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní kí o ya ilé wa láti inú ilé, o ní o ní láti bọ́ síta kọ́kọ́ lọ wò ó. Gbogbo erékùṣù yìí ló mọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta nídìí sítóòfù Merle. Ó ní, "Amos, ọmọ yẹn ò lè ya ohun tí kò rí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọmọ ẹ wà." Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Èmi náà ti rò ó kó tó sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò ya ọrùn obìnrin tó ń súnmọ́ ọgbọ̀n láìrí ọrùn náà. Ọkọ̀ dojú dé, a ò rí i. Ẹni tí a ò rí, kí ló ní kó má ti dé ilẹ̀? Ó ń fẹ́ lọ sí ìlú ńlá nígbà náà, gbogbo wa la mọ̀.

Nítorí náà, sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń bínú. Bóyá ó ní ọkọ, bóyá kò ní, bóyá ohun kan ṣẹlẹ̀ tó ń tì í lójú, sọ fún un pé ibùsùn rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá òkè. Kó kọ ìlà kan ṣoṣo sí mi lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ láyé nìyẹn, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Bàbá yín.


New York,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, 1929.

Bàbá,

Kò sí lọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn fún Àǹtí Hester àti fún Orrin àti fún gbogbo àwọn tó ń yáná nídìí sítóòfù Merle. Avis kú. Èmi àti ẹ̀yin la jọ fa ọkọ̀ yẹn gorí òkúta. Bàtà rẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, mo sì mú un dání.

Ọmọdé ni mí nígbà tí mo ń sunkún adìyẹ. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọmọge di ìyá ilé, wọ́n kọ́ wa ni. Mo wo ọrùn Dolores, mo wo ti onílé mi, mo pa wọ́n pọ̀. Ọrùn Avis kọ́.

Ẹ wò ó, mo ti lọ bá Ọ̀gá Voss. Mo ní mi ò yà á mọ́. Ó ní, "Ṣé orí ẹ pé?" Mo ní kò pé, ìdí tí mo fi ń fi í sílẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ń yà á lọ, ẹ̀yin ò ní sinmi, èmi náà ò ní sinmi. Ó parí. Ẹ dárí jì mí.

Lyman.


Erékùṣù Harrow,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹjọ, 1929.

Lyman,

O ní ó parí nínú oṣù Kẹta. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Merle nínú oṣù Karùn-ún. Ó wà níbẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, ó ń gé òdòdó. Oṣù Keje, ó ń fi àsíá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí àwọn ọkọ̀. Oṣù yìí ńkọ́? Ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi. Nínú ọkọ̀, Lyman! Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Mi ò kọ̀wé láti ìgbà yẹn nítorí mo ń dúró de lẹ́tà tirẹ̀. Mo máa ń lọ bá ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà wá lórí èbúté, awakọ̀ ti mọ̀, ó máa ń mi orí láti òkèèrè kí n má bàa sáré. Bí o bá ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ nítorí òun ló ní kí o pa á mọ́, sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀. N ó gbà. Ṣùgbọ́n má sọ fún mi pé ọmọ mi kú, kí o tún wá gbé e jókòó sínú ọkọ̀.

Hester ní kí n fi kún un pé bó bá jẹ́ àkúdàáyà ni, kí o má bá a jẹun. Mo ti fi kún un.

Amos Thurlow.


New York,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án, 1929.

Bàbá mi,

Mi ò parọ́ fún yín. Ẹ rántí Dolores tó ń gbọ̀n nínú aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, oṣù púpọ̀ ló máa ń wà láàárín ìgbà tí mo yà á àti ìgbà tí ẹ rí i. Àwọn tí ẹ ń rí yìí, mo ti sáré yà wọ́n sílẹ̀ ṣáájú, mo sì ti fi wọ́n lé Ọ̀gá Voss lọ́wọ́ kí n tó kọ lẹ́tà oṣù Kẹta. Ó yẹ kí n ti ṣàlàyé rẹ̀ nígbà náà. Ti inú ọkọ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ tí mo yà á. Ti oṣù Kẹwàá ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́.

Inú Voss ò dùn. Ó la ìwé àdéhùn síwájú mi, ó ní, "Ka ibi tí o fọwọ́ sí. Ojú yẹn kì í ṣe tìrẹ mọ́, ti Fairweather ni." Mo fi ìbínú jáde. Bàtà ni mo tún ń yà báyìí, mo sì ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká gbé òkúta dúró fún un, Bàbá. Orúkọ rẹ̀ nìkan, kò pọndandan kí ohunkóhun wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ lè ní ibì kan tí ẹ ó máa lọ tí kì í ṣe èbúté. N ó wá sílé fún un nígbà ìrúwé. Ẹ bá mi sọ pé ẹ gbà.

Lyman.


Erékùṣù Harrow,
Ogúnjọ́, oṣù Kìíní, 1930.

Lyman,

Ọmọ mi, mo gbà á gbọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Lẹ́yìn lẹ́tà rẹ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún, Hester jókòó tì mí, òun náà sunkún. Mo lọ bá agbẹ́kùúta ní òdìkejì omi. Mo ya orúkọ rẹ̀ sórí bébà fún un. Oṣù Kọkànlá dé, ológbò ló wà lórí Fairweather. Oṣù Kejìlá, igi Kérésìmesì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti lọ.

Ìwé ti oṣù yìí pẹ́ kó tó dé nítorí omi dídì. Nígbà tó dé, Merle fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sílé fún mi. Avis ni. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Garrett Pell. Ó ń rẹ́rìn-ín gan-an, ó la ẹnu. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán sí ẹ̀gbẹ́.

Lyman, ìwọ ò la ẹnu rẹ̀ rí. Nínú gbogbo èyí tí o yà, ẹ̀rín músẹ́ ni, ètè pa dé. Mo kó gbogbo wọn sílẹ̀, mo wò wọ́n. Eyín yẹn, irin ẹ̀rọ omi ló gbá a lọ́jọ́ tó ń fa omi fún ìyá yín, ó sì kán bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́. Mo ti gbàgbé rẹ̀ títí Merle fi gbé ìwé yẹn wá. Ta ló sọ ọ́ fún Garrett Pell?

Ẹni kan lè fi ìrántí ya àbúrò rẹ̀, mo gbà. Àjèjì ò ní ìrántí tiwa. Àjèjì, ohun tó bá rí ló máa yà.

Mo ti ní kí agbẹ́kùúta dáwọ́ dúró. Bí omi dídì bá ti fọ́ tí ọkọ̀ lè kọjá, mo ń bọ̀ ní New York. Mo ti di kọ́ọ̀tù rẹ̀ tó nípọn sínú àpò. Lọ bá ọkùnrin náà kí n tó dé.

Bàbá yín.


New York,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, 1930.

Bàbá mi,

Mi ò tíì wo ìwé náà kí lẹ́tà yín tó dé. Mo ti gbọ́ pé Voss fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà, mo sì ń yẹra fún ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo jáde lọ rà á. Mo rí eyín náà. Èmi náà ti gbàgbé rẹ̀, Bàbá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lánàá, n ó sọ pé gbogbo eyín rẹ̀ pé.

Mo lọ sílé Pell. Ọkùnrin sísanra ni, ọlọ́yàyà, ó rò pé ìjà ni mo bá wá. Ó ní, "Thurlow, má pa mí o! Iṣẹ́ ni wọ́n fún mi." Mo ní kò sí ìjà, kó kàn sọ fún mi ibi tó ti rí eyín yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Voss fẹ́ kí n pa á rẹ́. Mo ní rárá, eyín yẹn ló máa mú èèyàn dúró." Ó ní wọ́n kó àwọn àwòrán mi fún òun kí òun máa wò ó yà, òun gbìyànjú, kò bọ́ sí i, ojú náà kú sórí bébà. "Ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan ni, ó ń wá iṣẹ́. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ fún òun pé òun jọ ọmọbìnrin inú Fairweather. Ọ̀rẹ́ mi, ó ju kó jọ ọ́ lọ. Ó jókòó fún mi títí mo fi parí. Eyín ẹ̀ ni."

Mo bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní Alice kan báyìí, ó lọ́kọ. Mo ní níbo ló ti wá. Ó ní, "Kò sọ. Ṣùgbọ́n bí ìwọ ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ òkun ti gba ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀." Ó júwe ilé náà fún mi, ní Brooklyn, lẹ́bàá èbúté.

Mo ti lọ síbẹ̀. Ilé onípákó ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú. Aṣọ wà lórí okùn, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Mo rí ọwọ́ kan tó fa kọ́tìnnì fèrèsé òkè pa dé. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo gun àtẹ̀gùn dé iwájú rẹ̀ gan-an, mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì padà sílé. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí.

Ẹ wá, kí a jọ kàn án. Tàbí kí ẹ kọ ọ́ sí mi pé kí n kàn án, n ó kàn án lọ́jọ́ tí mo bá rí lẹ́tà yín. Ohun tí ẹ bá sọ ni n ó ṣe. Èmi nìkan ò lè dá a ṣe.

Ọmọ yín,
Lyman.


Erékùṣù Harrow,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 1930.

Lyman ọmọ mi,

Má kan ilẹ̀kùn yẹn.

Orí èbúté ni lẹ́tà rẹ ti bá mi, tèmi ti àpò mi. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé mi lọ ló gbé e wá. Mo jókòó lórí ìgèrè kan, mo kà á. Awakọ̀ ní, "Amos, ṣé ò ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?" Mo ní kó máa lọ. Hester rò pé òtútù ló mú mi, ó ń fa ọwọ́ mi pé ká lọ sílé. Nígbà tí mo kà á fún un, ó ní bí ará ilé bá lọ bá àwọn àkúdàáyà, ńṣe ni wọ́n máa ń pòórá, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí wọn mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tó sọ. Kì í ṣe ìdí tí mo fi padà nìyẹn.

Wò ó. Bí a bá kàn án, bóyá obìnrin àjèjì kan ló máa ṣí i, tó kàn jọ ọ́. N ó kí i, n ó ní kó má bínú, n ó sì wá pàdánù ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ìyẹn ṣì sàn. Bóyá òun ni, Lyman. Bóyá òun ló máa ṣí i, kó dúró níwájú mi pẹ̀lú eyín rẹ̀, n ó sì ní láti bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ ìlà kan sí mi láti gbogbo ìgbà tí mo ti ń lọ pàdé ọkọ̀. Ó máa ní láti dá mi lóhùn. Mi ò lè gbọ́ èsì yẹn, kò sí bó ṣe fẹ́ rí. Mo ti dàgbà jù fún un.

Kọ́ọ̀tù náà ti padà sí orí ìkọ́. Agbẹ́kùúta ní kí ni kí òun ṣe sí òkúta tí òun ti gbẹ́ dé ìdajì, mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o máa gba ìta ilé náà kọjá nígbà mìíràn, láti òdìkejì títì, bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Wo bóyá wọ́n ti sá aṣọ. Wo bóyá èéfín ń jáde nínú sìmìnnì orí òrùlé nígbà òtútù. Kọ ọ́ sí mi, ìyẹn ti tó mi. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ti kan ilẹ̀kùn ilé yẹn, ọmọ mi wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ le, ó sì lọ́kọ.

Èmi ni bàbá yín, ìwọ àti òun,
Amos Thurlow.